Ẹni Tó Wọ Nọ́ńbà Mẹ́jọ

Kóòṣì Rájí, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Bàríga, ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ dá eléré tó dára mọ̀, kí n má wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé. Ó ní kí n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá tàsé. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí n rí ọkọ mi. Ṣùgbọ́n mo gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tó yẹ kí n rántí rẹ̀ jù lọ, ó sì kù díẹ̀ kí ọkọ náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá nínú ìwé yìí, nítorí mo mọ iye èèyàn tó bá mi gbé ọ̀rọ̀ náà dìde.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Fọlá Àgoro. Kóòṣì Rájí wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ kí n rán jẹ́sì àti ṣòkòtò péńpé fún ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá. N kò rán aṣọ eré rí. Bùbá àti aṣọ ọmọ ilé-ìwé ni mò ń rán. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí Télọ̀," ni ó wí. "Ẹni tó bá lè rán ṣòkòtò tí ọmọ ilé-ìwé á wọ̀ fo fẹ́ǹsì tí kò ní ya, ó ti lè rán tiwa."

Wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan kí n wọ̀n wọ́n. Wọ́n ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gun àpótí kí ọwọ́ mi tó tó èjìká wọn. Ẹni tó wá kẹ́yìn kò ga tó wọn. Mùíz ni orúkọ rẹ̀. N kò nílò àpótí fún un.

"Ẹ̀yin náà wà nínú wọn?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mò ń gbé omi fún wọn, Àǹtí Télọ̀."

"Ẹ má parọ́ fún mi níbí."

"Ó dáa. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni mò ń wọ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ṣòkòtò mi fẹ̀ díẹ̀ níbi itan. Mo máa ń sáré padà gan-an."

"Padà láti ibo?"

"Láti ibi tí mo bá ti tàsé."

Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo rán aṣọ náà, ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú sì bá wa tẹ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn wọn. Kóòṣì ní kí n wá sí pápá ní ọjọ́ Sátidé kí n fi ojú ara mi rí i bóyá òwú mi lè gba ìyà.

Ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ kan ni pápá náà wà ní Bàríga. Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ti sán ní ibi púpọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn irin tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí kò ní àwọ̀n mọ́. Àwọn èèyàn jókòó sórí ògiri, àwọn mìíràn dúró. Ẹni tó ga jù nínú ẹgbẹ́ náà, Godspower, ni gbogbo wọn ń pariwo orúkọ rẹ̀. Bó ṣe ń fò ni ó ń jù ú wọlé. Èmi náà pariwo.

"Ẹni yìí ló dára jù," mo sọ fún Kóòṣì.

"Ọlọ́run fún Godspower ní gbogbo nǹkan," ni ó wí. Ìgbà yẹn ni ó wá sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ fún mi. Ó ní kí òun tó bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì, òun gbá bésíbọ́ọ̀lù nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n bá jù síni. "Nínú eré yẹn, Àǹtí, ẹni tó bá gbá a dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta nínú mẹ́wàá, ọ̀gá pátápátá ni wọ́n ń pè é. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ó tàsé lẹ́ẹ̀meje. Kò sẹ́ni tí kì í tàsé láyé yìí. Ohun téèyàn ṣe tẹ̀ lé e ni ẹ máa wò."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀. Nígbà tí Godspower bá tàsé, á dúró, á fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí, á máa wo irin bí ẹni pé irin náà ló ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Mùíz bá tàsé, kí bọ́ọ̀lù tó kan ilẹ̀, ó ti yí padà, ó ti ń sáré lọ dènà ẹni tó fẹ́ lọ jù ú sí irin tiwọn. Kò wo irin. Kò wo àwa tí a jókòó. Mo rí i pé òótọ́ ni ó sọ nípa ṣòkòtò náà.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi béèrè ẹgbẹ́ tó borí. N kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Mùíz yọ sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ṣòkòtò náà lọ́wọ́. Ó ní òwú ti já.

Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. "Kò síbi tó já níbí."

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó dáadáa."

"Ẹ tún un wò. Mi ò kánjú."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní eré ìdárayá láti àárọ̀ di ọ̀sán, á sì gba Fọlá Àgoro kọjá nígbà tó bá ń lọ sí pápá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fọlá Àgoro kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀ rárá. Ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi, n kì í dá a lóhùn. Ọjọ́ kan ó bi mí bóyá òun ń yọ mí lẹ́nu ni. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ òótọ́. Ìyá mi kú nígbà tí mo kéré, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ẹ̀pẹ́ ni mo dàgbà sí, ilé-kéwú nìkan ni mo lọ. Mo mọ nọ́ńbà nítorí téèpù. N kò mọ̀wé.

Kò ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù tí á fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ní n kò lọ mọ́, pé àwọn lẹ́tà náà kò dúró sí mi lórí.

"Mélòó lo tàsé lónìí?" ó bi mí.

"Gbogbo rẹ̀."

"Àwọn tó wà nínú kíláàsì náà ńkọ́, wọ́n lé ọ jáde?"

"Rárá."

"Ó dọ̀la nìyẹn."

Ó tó ọdún kan àtààbọ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé. Bàbá mi, Bùràímọ̀, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, agogo ni ó ń tún ṣe ní Onípanu. Dígí kékeré kan tó fi ń wo inú agogo kì í kúrò lójú rẹ̀ láti òwúrọ̀. Kò yọ ọ́ nígbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kí ni iṣẹ́ ẹ̀?"

"Eré ìdárayá ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, sà. Ó sì ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì."

"Mo béèrè iṣẹ́, ò ń ka eré fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lo sì kà á."

Ìbẹ̀rù mú mi, mo wá fẹ́ ṣàlàyé. Mo sọ ọ̀rọ̀ Kóòṣì Rájí fún un, pé ẹni tó gbá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ọ̀gá ni. Ìgbà náà ni ó yọ dígí.

"Látífàt, bí èèyàn mẹ́wàá bá gbé agogo wá fún mi, tí mo tún mẹ́ta ṣe, tí mo ba méje jẹ́, kí ni wọ́n á máa pè mí ní Onípanu yìí?"

"Bàbá, eré yàtọ̀ sí agogo, sà."

"Mo gbà. Ìgbéyàwó ńkọ́? Èwo ló jọ nínú méjèèjì?"

Ó fi dígí rẹ̀ padà sójú.

Ṣùgbọ́n kò sọ pé rárá. Nínú ìdílé wa, ọkùnrin kì í wá tọrọ ọmọ kí àgbà obìnrin kan tó lọ wò ó níbi tí kò ti mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e lọ. Kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọkùnrin náà, yálà ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Ohun tí àgbà náà bá rí ni bàbá máa gbé ìpinnu lé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wo bàbá mi náà níjọ́ tirẹ̀, ó ń bá ẹnì kan jà lórí ìlà tí wọ́n tò láti pọn omi, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun ni ó wà níwájú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ràfíátù, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Fádèyí nítorí ibi tó ń gbé, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́.

"Báwo ni màá ṣe dá a mọ̀ láàárín gbogbo àwọn òpó iná yẹn?" ó bi mí.

"Nọ́ńbà mẹ́jọ ló ń wọ̀, Màmá. Ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tóbi."

"Mẹ́jọ. Ó parí."

Ó lọ ní Sátidé. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó wá sílé wa. Bí ó ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti mọ̀ pé kò dáa.

"Bùràímọ̀, mo lọ, mo sì rí i," ni ó wí. "Ó mọ eré yẹn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo. Ṣùgbọ́n rẹfirí fọn fèrè sí i, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí ọkùnrin yẹn, ọ̀rọ̀ tí mi ò lè fi ẹnu tí mo fi kírun tún sọ. Ó la bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kó jáde. Ó bọ́ aṣọ ọrùn ẹ̀, ó fà á ya, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́."

"Aṣọ tí Látífàt rán?" bàbá mi béèrè.

"Aṣọ tí ọmọ ẹ rán."

Bàbá mi kò bú mi. Ó ní, "O gbọ́," ó sì padà sídìí agogo rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí mọ ohun tí mo ṣe, nítorí kò dáa. Mo gbà á gbọ́. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo ti fi mọ Mùíz, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún pa á rẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ọkùnrin tó ń wá ìyàwó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan hàn ni. Mo sọ fún ara mi pé Màmá Fádèyí kì í parọ́, òótọ́ sì ni, kì í parọ́. N kò sì lè bi Mùíz, nítorí bí mo bá bi í, mo ti tú àṣírí ìwòran náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà á sì bàjẹ́ pátápátá. Ohun tó dùn mí jù ni aṣọ yẹn. Mo ń rò ó pé mo wọ̀n ọ́n sí i lára, òun wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

N kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Nígbà tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń ti ilẹ̀kùn láti inú. Ohùn rẹ̀ ń wọlé sórí fóònù. Èkíní: "Látífàt, ṣé ara rẹ kò yá ni?" Èkejì: "Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, sọ ọ́ sí mi lójú, mo bẹ̀ ọ́." Ẹ̀kẹta kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Mo kàn gbọ́ tí bọ́ọ̀lù ń kan sìmẹ́ǹtì, ó dúró, ó sì parí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá báyìí. Ní ọjọ́rú kan, Godspower tẹ orí ba wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó di ọ̀rá dúdú kan mọ́ àyà.

"Àǹtí Télọ̀, àbẹ́ẹ̀gì, bá mi rán nǹkan yìí. Má jẹ́ kí Mùíz rí bó ṣe já tó."

Ó tú u jáde. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni, ó ya láti ọrùn dé ìdí, àmì bàtà sì wà lórí rẹ̀. 

"Ta ló fà á ya?"

"Èmi ni."

"Kí ni aṣọ Mùíz ń wá lọ́rùn rẹ?"

"Mo gbàgbé tèmi sí Ìkòròdú, nílé àǹtí mi. Rẹfirí ní ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà kò ní wọlé. Mùíz bọ́ tiẹ̀ fún mi. Ó ní ẹgbẹ́ nílò mi lọ́jọ́ yẹn ju òun lọ. Òun wá lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Èmi wá lọ ya wèrè."

"Sátidé wo?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Mo fi ọwọ́ di ẹ̀rọ ìránṣọ mi mú. "Òun kò béèrè aṣọ rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn?"

"Mo ní mo ń bá a fọ̀ ọ́."

"Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Ìdọ̀tí ẹ̀ pọ̀, Àǹtí." Ó wo ilẹ̀. "Kò bú mi. Ìyẹn ló ń pa mí. Kóòṣì bú mi, gbogbo wọn bú mi. Òun ní kí n jẹun, ká lọ."

Màmá Fádèyí kò sọ pé ẹni tó rí ga, n kò sì béèrè. Orí rẹ̀ kò kọjá àyà mi. Lójú rẹ̀, gbogbo wọn ló ga.

Mo rán aṣọ náà lójú Godspower. Ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo lọ sí pápá. Mo mọ̀ pé Mùíz máa ń dá ju bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lójoojúmọ́ kó tó lọ síbi iṣẹ́, igba ìgbà, kò sí ẹni tó ń wò ó. Ó rí mi, kò dúró. Ó jù ú. Ó wọlé.

Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu mi, tí bàbá mi bá gbọ́, ó lè ní kò sí ohun tó kan òun mọ́. Mo la ẹnu mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀: àṣà ilé wa, Màmá Fádèyí, rẹfirí, aṣọ, Godspower.

Ó di bọ́ọ̀lù náà mú. "O gbà á gbọ́?"

Mo lè sọ pé rárá. "Mo gbà á gbọ́."

"Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ó jù ú. Ó kan irin, ó fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò sáré tẹ̀ lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó dúró lẹ́yìn tó tàsé, èmi ni mo fà á. Mo rò pé ó ti parí. Mo kó ẹsẹ̀ jọ láti máa lọ.

"Látífàt."

"Hẹn."

"Ó ku ogóje. Bá mi kó bọ́ọ̀lù."

Mo fi bàtà mi sílẹ̀, mo ká aṣọ mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lé bọ́ọ̀lù. Bó bá ti jù ú, màá mú un, màá jù ú padà sí i. N kò mọ̀ ọ́n jù, ó ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń bá ikùn rẹ̀. Nígbà tó kù bí ogún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Màmá yẹn kò parọ́ o," ó wí. "Nọ́ńbà mẹ́jọ ló ṣe gbogbo rẹ̀ lóòótọ́."

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ sí Fádèyí. Mo ṣàlàyé fún Màmá. Ó gbọ́ mi dópin.

"Ó wà lórí bẹ́ńṣì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ta ló ń wo bẹ́ńṣì?" Ó wọ ìbòrí rẹ̀. "Dìde. Ó yá."

Ìdílé mìíràn wà tí àgbà á ti sọ pé ohun tí òun ti sọ, òun ti sọ ọ́. Màmá Fádèyí fi ẹsẹ̀ rìn láti Fádèyí dé Onípanu nínú oòrùn, ó sì dúró níwájú àbúrò rẹ̀ àti àwọn oníbàárà rẹ̀. "Bùràímọ̀, mo jẹ́rìí lé ẹni tí mi ò rí lórí. Kí Ọlọ́run foríjì mí. Pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́." Títí di òní, bí mo bá ń ṣe àdúrà, orúkọ rẹ̀ kì í gbẹ̀yìn.

Bàbá mi wò mí. "Ìwọ ti sọ fún ọmọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O mọ̀ pé a kì í sọ ọ́."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó yíjú sí Màmá Fádèyí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún padà lọ nìyẹn."

"Èmi? Ojú mi kò mọ ohun tó ń wò níbẹ̀. Ìwọ ni kí o lọ. Ìwọ lo máa ń rí nǹkan tí kò tó èékánná."

"Ó máa ṣe ojú ayé fún mi ni. Ó ti mọ̀ báyìí."

"Kò ní mọ ọjọ́ náà, sà," mo wí.

"Ìwọ náà kò ní mọ̀ ọ́n."

Oṣù méjì ni kò fi sọ nǹkan kan. Mo ń lọ sí pápá ní Sátidé, ojú mi ń wá fìlà funfun bàbá mi káàkiri. Ọjọ́ tí mo wá rí i, àárín èrò ló dúró sí, ọ̀dọ̀ àwọn alátakò wa, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ kan láti Múṣin ni wọ́n ń bá gbá. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọjọ́ tí Mùíz gbá a burú tó ti ọjọ́ náà. Mo ń kà á. Ó tàsé lẹ́ẹ̀kan. Ó tàsé lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ẹnì kan lórí ògiri pariwo pé, "Ẹ bá wa yọ nọ́ńbà mẹ́jọ yìí jàre!" Mo bo ojú mi.

Ó ku ojú àmì kan péré kí a bá wọn dọ́gba, àkókò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mùíz gba bọ́ọ̀lù. Ó wà nítòsí irin. Gbogbo èèyàn ń pariwo pé kó jù ú. Ó gbé ọwọ́ sókè, àwọn méjì fò sí i, ó sì rọra fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí Godspower tó dá dúró ní apá kejì. Ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ Godspower. Ó jù ú. Ó yí lórí irin, ó yí, ó jábọ́ síta. Fèrè dún.

Godspower dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ó fi apá bo orí. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn, wọ́n mọ bí inú rẹ̀ ṣe ń rí. Mùíz lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn jókòó títí Godspower fi gbé orí sókè. Nígbà tí mo wo apá ibi tí bàbá mi wà, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo gbé oúnjẹ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó jẹun tán, ó fọ ọwọ́.

"Ọmọ yẹn tàsé lẹ́ẹ̀mẹfà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo kà á." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ ìka kan tẹ̀ lé òmíràn. "Ẹni tó ti tàsé mẹ́fà lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń fẹ́ fi ìkeje gba ara ẹ̀ sílẹ̀ ni. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo ti ba agogo olóògbé kan jẹ́ mọ́ ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́, torí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi fọwọ́ kàn án. Òun rí i pé ẹlòmíràn lè ṣe é, ó fún un. Ẹni yẹn wá bà á jẹ́. Mo ń wo ojú ẹ̀ nígbà yẹn, Látífàt. Ojú ẹ̀ ni mo bá lọ."

Mo kó abọ́ jọ.

"Ọjọ́ kan á jẹ́ ọjọ́ tìẹ nínú ilé ẹ̀, tí wàá ba nǹkan jẹ́. Ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú. Mo ti rí i." Ó dìde. "Ní kó mú àwọn ẹbí ẹ̀ wá."

Wọ́n wá láti Ìsẹ́yìn, bàbá rẹ̀ àti àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ méjì, inú wọn sì dùn. A ṣe níkàà ní Ṣómólú ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn. Kóòṣì Rájí wà níbẹ̀. Godspower wọ agbádá tí mo rán fún un, ó sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ni alárinà wa. Màmá Fádèyí ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé òun ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, nítorí àṣìṣe àwọn méjèèjì ló jẹ́ kí bàbá mi jáde lọ wo ọkọ mi fúnra rẹ̀. Ká ní wọ́n ròyìn rẹ̀ fún un dáadáa níjọ́ àkọ́kọ́, á kàn gbà á ni. Kò ní fẹ́ràn rẹ̀ báyìí.

Àwọn obìnrin ilé ni wọ́n ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ lọ́dọ̀ wa. Bàbá kì í lọ. Wọ́n sìn mí dé Bàríga, wọ́n wúre, wọ́n lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n lọ tán tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá mi ni. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wá, eruku wà lára bàtà rẹ̀.

Mùíz dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní kó dìde. Ó wo yàrá náà, ó wo fèrèsé, ó fọwọ́ kan ògiri. A gbé àga fún un, kò jókòó. A bu omi fún un, ó mu ún lórí ìdúró. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣe àdúrà fún wa, àdúrà kúkúrú tí a gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mo fẹ́ bá ìrun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí," ni ó wí.

"Ẹ jẹ́ kí n sìn yín dé ọ̀nà, sà," Mùíz wí.

"Dúró ti ìyàwó ẹ. Mo mọ ọ̀nà."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè mí.

"Látífàt."

"Sà."

Ó dà bí ẹni pé ó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ó dáa," ni ó wí.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, Mùíz dúró lẹ́yìn mi. Bàbá mi gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà lọ, ó yà fún obìnrin kan tó ru igbá, ó kí ọkùnrin kan tó ń fọ ọ̀kadà. Mò ń retí pé yóò yí ojú padà, kí n lè juwọ́ sí i. Ó dé ìkóríta, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó yà sí apá ọ̀tún, kò wẹ̀yìn.